"Pa" Lẹ́nu Wa, "Pa" Lẹ́nu Wọn

Ọ̀rọ̀ Faransé tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ní Àbíjáǹ, Yorùbá ni mo pè é. Obìnrin kan ló ń pariwo rẹ̀ lé mi lórí nígbà tí wọ́n ń fi pákó lù mí nínú ọjà. Bí etí mi ṣe gbọ́ ọ ni pé, "Pa, lù ú! Pa, lù ú!" Mo wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ̀ mí lójú, ohun tí mo sì ń rò ni pé, ta tún ni ọmọ Yorùbá yìí? Ibi tí n ò ti ní ará, tí n ò ti ní ọ̀rẹ́, ṣé ibẹ̀ ló ti yẹ kí ẹnì kan fi èdè ìyá mi ní kí wọ́n pa mí?

N ò tíì pẹ́ nílùú náà nígbà yẹn. Iléṣà ni ilé mi. Góòlù ni mò ń wà ní Ìtagunmọ́dì kí n tó kúrò nílé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Délé. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, kòtò ya lu Délé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ wú kàn, bàtà rọ́bà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a ó fi wú orí rẹ̀ kàn, amọ̀ ti kún un lẹ́nu. Màmá mi ò sunkún nígbà tí mo délé. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń fọ amọ̀ kúrò lára mi bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́.

"Ilẹ̀ ti pa ọmọ ọlọ́mọ," wọ́n ní. "Kò ní pa tèmi níṣojú mi. Wá ibòmíràn lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Òṣogbo, ló bá mi wá ẹni tí mo lè lọ bá. Ìbátan ọkọ rẹ̀ ni, Bọ̀dá Múkáílà, tó ti ń ránṣọ ní Àbíjáǹ tipẹ́. Bí mo ṣe débẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ẹni tó gba ọ̀nà yẹn ló mọ ohun tójú ń rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lù mí, Bọ̀dá ló rán mi lọ ra òwú. Ibi tí mo ti ń yẹ òwú wò ni ọjà ti tú. Ní Iléṣà, bí ọjà bá tú, a kì í dúró béèrè. Ibi téèyàn bá sá dé ló ti ń béèrè. Èmi náà ki eré mọ́lẹ̀. Olè kan ló já báàgì obìnrin gbà, ó sì ti sá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹni tí wọ́n wá rí, tó ń sáré, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, èmi ni.

Pákó àkọ́kọ́ bà mí lẹ́yìn ọrùn. Mo ṣubú. Wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè, mo ń fi Yorùbá dáhùn, bí mo bá sì ṣe ń dáhùn ni wọ́n túbọ̀ ń lù mí, torí lójú wọn, ẹni tí kò gbọ́ èdè, olè ni. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀. Ìgbà náà ni obìnrin yìí já wọ àárín wọn, ìyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀, ó ṣubú lé mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ igbe: "Pa, lù ú! Pa, lù ú!"

Mo rò pé òun ni ọ̀gá wọn. Mo fi gbogbo agbára tó kù nínú mi tì í dànù, mo sá. Mo sá kúrò lábẹ́ ẹni tó fi ara rẹ̀ bò mí, mo sì sá lọ bá àwọn tó mú pákó lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn gbá mi létí òsì. Mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí àwo bá fọ́, etí yẹn ò sì gbọ́ nǹkan mọ́ títí dòní. Obìnrin náà tún dé. Ó tún ṣubú lé mi. Pákó tó ń bọ̀ lórí mi, ọwọ́ rẹ̀ ló bà, mo sì rí i bí ìka rẹ̀ méjì ṣe ṣẹ́ tí wọ́n dojú kọ ẹ̀yìn.

Ohun tó gbà mí ni pé ariwo ta lápá kejì ọjà pé ọwọ́ ti tẹ olè náà pẹ̀lú báàgì. Gbogbo wọn dà lọ síbẹ̀ bí omi. Wọ́n kó pákó wọn lọ. Wọ́n yí táyà wọn lọ. Kò pẹ́ tí mo fi rí èéfín dúdú tó ń gòkè lẹ́yìn àwọn ìsọ̀, mo sì di ojú mi.

*

Ìgbà tí mo lajú nílé, Bọ̀dá Múkáílà ló ń fi aṣọ àti omi gbígbóná jó ojú mi.

"Bọ̀dá," mo ní, "obìnrin Yorùbá kan wà nínú ọjà yẹn. Ẹ bá mi wá a. Mo fẹ́ bi í ní ohun tí mo fi ṣe é."

"Yorùbá wo?"

"Aládìẹ kan. Òun ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pa mí. 'Pa, lù ú,' ló ń wí."

Aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn dúró lójú mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí wọn lẹ́nu.

"Sùbúhánàllàhì! Mo mọ aládìẹ yẹn, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Faransé ló ń sọ. 'Pa' tiwọn, 'kọ́' tiwa ni. Èyí tó o sì gbọ́ bíi 'lù ú' yẹn, 'òun' ló ń jẹ́. Ó ní, 'Òun kọ́! Òun kọ́!' Ó ń gbà ọ́ sílẹ̀, ìwọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí."

Mo kọjú sí ògiri. Mo rántí bí mo ṣe tì í dànù, mo sì rántí ìka rẹ̀.

Nígbà tí mo lè rìn, Bọ̀dá mú mi lọ kí i. Sàlímátà lorúkọ rẹ̀, ẹni tí wọn ì bá pè ní Sàlímọ́tù ká ní Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Kò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ará Bùrùkínà ni, àjèjì ni òun náà nílùú náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀ láàárín àwọn àgò adìẹ. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé mo tún dákú. Nígbà tí Bọ̀dá ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé sí mi, ó sì sọ̀rọ̀ kan.

"Ó ní ọwọ́ òun ò lè di ọ̀bẹ mú mọ́," Bọ̀dá ní. "Ó ní ṣé o lè pa adìẹ?"

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn oníbàárà tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ẹni tó ń dúńbú tiwọn. Èmi ni mò ń pa ti àwọn ilé ọtí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọrùn, ọ̀bẹ, omi gbígbóná, ìyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a gbẹ sí mi láàárín èékánná débi pé bí mo bá ń jẹun, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ nínú òkèlè. Ní Ìtagunmọ́dì, ilẹ̀ pupa ló máa ń wà níbẹ̀.

*

N ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́, torí Bọ̀dá kì í tètè dé láti ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tó fẹ́ẹ̀ pa mí yìí ni mo wá ń rò káàkiri. Mo ń gbọ́ ọ níbi gbogbo. Ẹni tó ń ra adìẹ ń sọ ọ́, ẹni tó ń já adìẹ sílẹ̀ ń sọ ọ́, ọmọdé tó ń kọ oúnjẹ ń sọ ọ́, gbogbo ìgbà tí mo bá sì gbọ́ ọ, ara mi a bù máṣọ kí n tó rántí pé ìlú wọn ni mo wà. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí Sàlímátà sọ fún mi pé ní èdè ilé tiwọn pàápàá, tí kì í ṣe Faransé rárá, "pa" ni àwọn fi ń sọ pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ará Dàhòmì kan ló ń kọ́ àwa àjèjì ní Faransé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé. Mo bi í níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó ní láyé àtijọ́, ìṣísẹ̀ ni "pa" ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Faransé. Ẹni tí kò rìn á ní, n ò rin ìṣísẹ̀ kan. Wọ́n wí i títí, ìṣísẹ̀ gbàgbé ẹsẹ̀, ó di "rárá". Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mò ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Gbogbo ìṣísẹ̀ tí mo ti gbé láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Iléṣà, rárá ni wọ́n fi ń pàdé mi.

Mo wá yẹ tiwa náà wò. Nílé, ikú nìkan kọ́ la fi ń pa. À ń pa iná. À ń pa àlọ́. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo ń pa aṣọ láró. Adìẹ pàápàá, bó bá sàba tán, ọmọ ló ń pa, ọmọ ọ̀hún á sì máa ké ṣíoṣío nínú ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń tẹ ilé láago. Ẹ̀gbọ́n mi á ti ránṣẹ́ pe Màmá wá láti Iléṣà, wọ́n á jọ lọ jókòó ní ìsọ̀ àwọn oníṣòwò tẹlifóònù ní Òṣogbo, wọ́n á máa retí mi. Màmá ò gbẹ́kẹ̀ lé tẹlifóònù. Ariwo ni wọ́n máa ń pa sínú rẹ̀, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò.

"Sé o jẹun?"

"Mo jẹun, Màmá."

"Uṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

N ò fẹ́ sọ pé adìẹ ni mò ń pa. Mo ní mò ń bá obìnrin kan tajà. Wọ́n tún sọ nǹkan kan tí n ò gbọ́, mo ní kí wọ́n tún un sọ.

"Kí ló dé tí o ń ní kí n tún un sọ? Etí ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, Màmá. Láìnì ni kò dáa."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà Màmá kì í tán bọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn tó ń bẹ nínú Bíbélì ni wọ́n máa ń pè wá síbẹ̀. Láìnì ń já, ó ń so pọ̀. Mo gbọ́ "ọ̀nà", mo gbọ́ "ọ̀tá". Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ ketekete: "Ọlọ́run á pa ọ́—" láìnì sì já pátápátá.

Mo mọ èyí tó kù. Ọmọ ilé wa wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mo di tẹlifóònù náà mú títí, mò ń retí "mọ́" kan ṣoṣo yẹn, ẹni tó tò tẹ̀lé mi sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́yìn pé kí n kúrò níbẹ̀.

*

Ará Làìbéríà kan bá wa ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì adìẹ. Mósìsì lorúkọ rẹ̀. Ogun ìlú wọn ló lé e wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà dákẹ́, ó sùn sábẹ́ tábìlì. Mò ń pọ́n ọ̀bẹ. Lójijì mo gbọ́ lẹ́yìn mi pé, "Pa! Pa!" Mo yí padà pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, mo ti gbé e sókè. Mósìsì ni. Ojú oorun ló ti ń ké, ojú rẹ̀ kún fún òógùn.

Nígbà tó jí, ó sọ fún mi pé bàbá ni "Pa" lédè tàwọn. Ó ní àwọn ọmọ ogun gbé igi dábùú ọ̀nà, wọ́n sì ní kí bàbá òun sọ èdè tó ń sọ nílé. Ó sọ ọ́. Èdè náà ló pa á, torí kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n fi adá ṣe é níwájú gbogbo èrò ọkọ̀, wọ́n sì ní kí ọmọ pàtẹ́wọ́.

"Ṣé o pa á?" mo bi í.

"Mo pa á," Mósìsì ní. "Mo pàtẹ́wọ́."

Wọ́n wá Mósìsì wá lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bíi méje pẹ̀lú irin. Wọ́n ní ará Làìbéríà kan jí rédíò. Mósìsì gùn dúdú, olè náà sì gùn dúdú. Ó ti tán lójú wọn. Wọ́n ti dì í lọ́rùn mú kí n tó dé iwájú wọn. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi ṣófo, mo dúró láàárín, mo sì sọ ọ́. Ó jáde lẹ́nu mi: "Pa lùú. Pa lùú." Òun kọ́. Wọ́n gbá mi lẹ́nu. Mo tún un sọ. Wọ́n tún gbá mi. Ìgbà tí Sàlímátà fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára bu omi tí a fi ń tu ìyẹ́ adìẹ, tó ń hó yeeyee, tó sì gbé e sókè, ni wọ́n tú Mósìsì sílẹ̀. Wọ́n ṣépè, wọ́n lọ.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí àgò. Sàlímátà wò mí, ó ní Faransé mi ti ń dán mọ́rán. Ẹ̀jẹ̀ kún eyín mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i pé mo ti di ẹnì kan níbẹ̀.

*

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo wálé fún Kérésìmesì. Òṣogbo ni mo kọ́kọ́ sọ̀ sí, nílé ẹ̀gbọ́n mi. Kí n tó wọkọ̀ Iléṣà lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ pè mí sẹ́yìn.

"Má bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́nà o. Má jẹ́ kí àjèjì fara kàn ọ́."

Ìgbà yẹn ni ariwo gba gbogbo ibẹ̀ kan pé àwọn àjèjì ń fọwọ́ kan ọkùnrin, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á sì pòórá. Mo rẹ́rìn-ín. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Iléṣà báyìí ni mo rí èrò tó pé jọ. Mo mọ irú ìpéjọ yẹn. Ẹ̀yìn àwọn èèyàn nìkan lò ń rí, apá kan á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ méjèèjì di iwájú ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó ń sunkún pé, "Ó ti gbà á! Mo ní kí n júwe ọ̀nà Ìtagunmọ́dì fún un ni, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ti gbà á lọ!"

Mo yọ́ wọ àárín wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nílẹ̀, wọ́n ti ya ẹ̀wù rẹ̀ dànù. Ó ń ké. Gbogbo gáréèjì ló ń gbọ́ ọ: "Sẹ́ pa wá! Sẹ́ pa wá!"

"Ẹ ò gbọ́ ohun tó ń wí?" ọkùnrin kan ní. "Ó ní òun á pa wá!"

Faransé ni. "Èmi kọ́" ló ń wí. Èmi kọ́, èmi kọ́.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá Gbóyè ni, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí ilé wa, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan náà ni òun àti Màmá mi ń lọ. Fìlà pupa wà lórí rẹ̀, sípánà ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Pa á!" ló ń pariwo. "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gbé orí sókè, ó já ara rẹ̀ gbà, kò sì sá jáde. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Gbóyè gan-an ló sá lọ, ó ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ dì mọ́ èèyàn. Bó ṣe bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó ń lé e ni Bọ̀dá Gbóyè fi sípánà gbá a lẹ́nu. Mo gbọ́ bí eyín ṣe fọ́.

Mo ti dé orí rẹ̀ kí sípánà tó tún sọ̀ kalẹ̀. "Òun kọ́!" mo ní. "Ẹ gbọ́! Kò ní òun á pa yín! Ó ní òun kọ́!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo gbọ́ èdè rẹ̀!"

Ìdáhùn yẹn ò dáa. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ti mọ̀.

"Ó gbọ́ èdè wọn! Ẹgbẹ́ wọn ni! Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Bí wọ́n ṣe yí sí mi nìyẹn, ní ìlú tí wọ́n bí mi sí, lédè tí mo gbọ́ délẹ̀délẹ̀, tí kò sí àṣìgbọ́ kankan nínú rẹ̀. Igi bà mí lẹ́yìn. Òkúta bà mí lórúnkún. Mo fọwọ́ bo etí kan tó kù fún mi, mo sì fi ara bo ọkùnrin náà. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ gbóná lọ́rùn mi.

"Ọmọ ta nì yẹn? Ọmọ Ìyá Mẹ́tọ́díìsì kọ́ nì yẹn?"

Ìyá arúgbó kan tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì ni. Wọ́n ti gbé àtẹ wọn sílẹ̀. Wọn ò bẹ̀bẹ̀, wọn ò pariwo. Wọ́n rìn lọ bá ẹni tó ń sunkún.

"Ìwọ tí wọ́n gba nǹkan rẹ, bọ́ ṣòkòtò."

"Ìyá, kò sí níbẹ̀ mọ́!"

"Ibi tí kò sí ni mo fẹ́ rí. Bọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ pa èèyàn méjì nítorí rẹ, àwa náà gbọ́dọ̀ rí ohun tí a ń pa wọ́n lé lórí."

Àwọn tó wà lórí mi yí lọ wò ó. Ó wù wọ́n láti rí ìhòòhò ju kí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì di okùn ṣòkòtò rẹ̀ mú, wọ́n fà á, ṣòkòtò já bọ́ sí kókósẹ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n túká. Awakọ̀ padà sídìí ọkọ̀, èrò Ifẹ̀wàrà wọkọ̀ Ifẹ̀wàrà. Kò sí ẹni tó ní pẹ̀lẹ́. Bọ̀dá Gbóyè fi àkísà nu sípánà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

*

Sáyúbà lorúkọ ọkùnrin náà. Ará Bùrùkínà ni. Ó gbọ́ pé góòlù wà ní Ìtagunmọ́dì ló fi wá. Wọ́n rán ẹnu rẹ̀ ní ọsibítù, Màmá mi sì ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá a sọ èdè Ìjẹ̀ṣà bí ẹni pé ó gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta ló tó lè sọ̀rọ̀ sókè. Ó fà mí mọ́ra.

"Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń gbèjà mi," ó ní. "Mo gbọ́ wọn. 'Pa! Pa!' ni wọ́n ń wí. Wọ́n ń sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n má ṣe é. Ọ̀kan dé fìlà pupa, òun ló pariwo jù. Mo sá lọ bá a. Kí ni wọ́n fojú rẹ̀ rí? Ṣé wọ́n lu òun náà nítorí mi?"

N ò lè wò ó lójú. Kò mọ̀ pé ọwọ́ onífìlà pupa náà gan-an ni sípánà ti wá.

"Bá mi kí i," Sáyúbà ní. "Sọ fún un pé ó ṣeun."

"Kí ló ń wí?" Màmá bi mí.

Mo sọ fún wọn. Wọ́n gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀.

"Ẹnu rẹ̀ ò tíì jiná. Jẹ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó rán ọ, lọ jẹ́ ẹ."

Mo bá Bọ̀dá Gbóyè lábẹ́ ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà níta.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bọ̀dá. Ọkùnrin gáréèjì ọjọ́sí ní kí n kí yín. Ó ní ẹ ṣeun."

Ẹsẹ̀ náà kò mira. "Kí ni mo ṣe fún un?"

"Lédè tiwọn, 'pa' tí ẹ ń pariwo, 'rárá' ni. Ó rò pé ẹ̀ ń bá òun bẹ̀bẹ̀ ni. Ìdí tó fi sá tọ̀ yín wá nìyẹn."

Mo gbọ́ tí irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ara rẹ̀ jáde, ó jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì lójú, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni pé mo tún máa sọ nǹkan mìíràn.

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Rárá."

Ó bu pẹtiróòlù sọ́wọ́, ó fọ ọ́, ó tún fọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó wọ ẹ̀wù, ó ní ká lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, Sáyúbà rí i. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ dìde, ẹnu rẹ̀ tí wọ́n rán ń gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí i.

Bọ̀dá Gbóyè wo ọwọ́ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Lẹ́yìn náà ó yí padà, mo sì gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó kọ́kọ́ ń rìn, ó wá ń sáré.

Sáyúbà rọra sùn padà. Ó ní, "Ojú ń tì í."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ojú ń tì í."